Tíṣà Ilẹ̀

Kí eyín tó ṣẹ́kù lẹ́nu mi já bọ́ lónìí bí mo bá fi ẹyọ irọ́ kan sínú ohun tí mo fẹ́ sọ yìí. Mo mọ̀ pé ẹ̀yin ọmọ mi máa ń sọ pé Bàbá ti tún gbé tirẹ̀ dé, pé ẹja tí mo bá pa lódò láàárọ̀ á ti di ọ̀nì kí ó tó di ọ̀sán. Mo gbà. Ọ̀rọ̀ ẹja nìyẹn. Ọ̀rọ̀ Tíṣà Ilẹ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹja. Ojú mi báyìí ló ṣe, láti orí àga tí mo máa ń jókòó lé ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, nítorí ọgbà ilé-ìwé ló kọjú sí ilé mi. Èyí tí ojú mi ò tó níbẹ̀, ẹnu obìnrin náà fúnra rẹ̀ ni mo ti gbọ́ ọ, lórí àga kejì.

Cecilia Awóníyì lorúkọ rẹ̀. Ọmọ Òkè Baálẹ̀ ni, ní Òṣogbo. Bó ṣe parí ẹ̀kọ́ olùkọ́ni ni wọ́n gbé e wá sí Ìsàlẹ̀ Ọ̀gẹ̀dẹ̀, àdúgbò tiwa lẹ́yìn Iléṣà. Ọ̀kadà ló gbé e dé. Ó ká ẹní sábẹ́ apá, ó gbé sítóòfù lé itan, atẹ́gùn ò sì fọwọ́ kan irun rẹ̀.

Ó ní, "Ẹ káàsán, Bàbá. Ẹ jọ̀ọ́, ilé-ìwé ńkọ́?"

Mo ní, "Òun lò ń wò yẹn."

Ó wò ó. Ilé alámọ̀ kan ló rí, èyí tí ìjọ Mẹ́tọ́díìsì kọ́ fún ọmọ ìjọ kí ìjọba tó gbà á. Páànù orí rẹ̀ ti pọ́n bí epo, ewúrẹ́ kan sì na ẹsẹ̀ sí ẹnu ọ̀nà bí ẹni tó ni ibẹ̀.

"Bàbá, ẹ má fi mí ṣeré."

"N ò fi ọ́ ṣeré. Ọ̀gá ilé-ìwé ló dùbúlẹ̀ yẹn. Lọ kí i, kó fún ọ ní kíláàsì."

Kò rẹ́rìn-ín. Ó gbé sítóòfù rẹ̀ sọ̀kalẹ̀, ó lé ewúrẹ́ náà, ó gba igbálẹ̀ lọ́wọ́ ìyàwó mi, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbá kíláàsì.

Àwa Ìjẹ̀ṣà, ẹ mọ̀ wá. Ulé là ń pe ilé, ugi là ń pe igi, ulẹ̀ là ń pe ilẹ̀, kò sì dí wa lọ́wọ́ ohunkóhun. Ṣùgbọ́n ọmọ Òṣogbo yìí kò lè gbà á sí etí. Láràárọ̀ ni mo máa ń gbọ́ wọn.

"Ẹ pè é. Ilẹ̀!"

"Ulẹ̀!"

"Mo ní ilẹ̀! I, i, ilẹ̀!"

"I, i, ulẹ̀!"

Ohùn rẹ̀ le tó bẹ́ẹ̀ tí àkùkọ mi fi pa kíkọ tì, tó ń sun oorun títí ọ̀sán. Ibẹ̀ làwọn ọmọ ti sọ ọ́ ní Tíṣà Ilẹ̀. Nígbà tó yá, àwọn ìyá wọn ń pè é bẹ́ẹ̀, àwa àgbà náà ń pè é bẹ́ẹ̀. A fi ń ṣe ẹ̀fẹ̀ ni. A ò mọ ohun tí a ń pè.

Ọmọ ilé-ìwé ò pọ̀ nígbà yẹn. Oko kòkó àti oko obì lọ̀pọ̀ wọn wà pẹ̀lú òbí wọn. Tíṣà Ilẹ̀ ló ń wọ ilé kiri tó ń kó wọn wá. Á dúró sí ẹnu ọ̀nà ẹlòmíì, á ní, "Ẹ kú ilé o. Ta ni mò ń gbọ́ tó ń gún nǹkan lẹ́yìnkùlé? Ṣé ẹni tó yẹ kó wà ní kíláàsì mi kọ́?" Ilé-ìwé yẹn ni ọkọ rẹ̀, òun ni ọmọ rẹ̀. Ó fẹ́ kó dàgbà. Ó ń lọ sí Òṣogbo lọ bẹ̀ wọ́n ní ọ́fíìsì ẹ̀kọ́, títí ẹ̀ṣọ́ ẹnu géètì fi ń béèrè àlàáfíà ìyá rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ìgbà tó yá, ilé-ìwé dàgbà lóòótọ́, àmọ́ kì í ṣe ẹ̀bẹ̀ rẹ̀ ló mú un dàgbà. Wúrà ni.

Àwọn kan wá gbẹ́lẹ̀ nínú oko kòkó lápá ìsàlẹ̀ odò, wọ́n rí ohun tí wọ́n ń wá. Kò pẹ́ rárá tí àwọn ọkùnrin tí bàtà wọn pupa bí ẹ̀jẹ̀ gbígbẹ fi kún àdúgbò wa. Àwọn kan wá láti ọ̀nà jíjìn, àwọn kan jẹ́ àgbẹ̀ tiwa tó ta oko, tó wá ń fi ọkọ́ wá wúrà. Wọ́n kó ìyàwó wá, wọ́n kó ọmọ wá. Àwọn ọmọ wọ̀nyí ló rọ́ wọ ilé-ìwé. Bẹ́ǹṣì ò gbà wọ́n mọ́, wọ́n ń jókòó sílẹ̀. Ilẹ̀ ò gbà wọ́n mọ́, wọ́n bọ́ sábẹ́ igi kajú, wọ́n bọ́ sí gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì. Àwọn kan ń wá láàárọ̀, àwọn kan ń wá lọ́sàn-án. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá sì fi ẹyin sí oúnjẹ ìjọba, àwọn ọmọ tí kò tíì ju ọmọ ọwọ́ lọ máa ń rákòrò wá, àwo lọ́wọ́. Ẹyin yẹn tóbi, mo búra, bí orí ọmọ tuntun.

Ìjọba wá kọ́ ilé tuntun fún wọn. Ibi tí ọ̀gẹ̀dẹ̀ wà tẹ́lẹ̀ ni wọ́n kọ́ ọ sí, lẹ́yìn ilé alámọ̀ àtijọ́. Ó gùn, ó ní fèrèsé tó ń tì, ilẹ̀ rẹ̀ jẹ́ síméńtì dídán. Wọ́n fún Tíṣà Ilẹ̀ ní yàrá tó wà ní ìpẹ̀kun. Lọ́jọ́ tó wọ ibẹ̀, ó ń fọwọ́ pa ògiri lára bí ẹni ń pa ẹṣin lára, omi sì ń bọ́ lójú rẹ̀.

Ilé náà ò tíì pé ọdún kan tí nǹkan fi bẹ̀rẹ̀. Odò ẹ̀yìn ilé-ìwé di aláwọ̀ tíì oníwàrà. Kàǹga wọn gbẹ ní àárín òjò. Tíṣà Ilẹ̀ á gbé ṣọ́ọ̀kì sórí tábìlì, ṣọ́ọ̀kì á yí, á yí, á já bọ́, igun kan náà ló sì máa ń yí sí. Ilẹ̀kùn tó ń tì tẹ́lẹ̀ kò tì mọ́. Ògiri ẹ̀yìn là láti òkè délẹ̀, tín-ín-rín bí iṣan ẹ̀yìn ọwọ́ mi yìí. Ó fi pépà tí wọ́n ya ẹranko sí bo ojú rẹ̀. Ní ọjọ́ díẹ̀ sí i, erin orí pépà náà ti ya sí méjì.

Ọ̀gá ilé-ìwé nígbà náà ni Ọ̀gbẹ́ni Ògúnmọ́lá. Ilé tuntun ló bá dé, òun àti táì rẹ̀. Nígbà tí mo bi í léèrè ìlà ara ògiri yẹn, ó ní, "Bàbá, ẹ fọkàn balẹ̀. Ilé tuntun ni. Ó ń jókòó ni."

Mo ní, "Ọ̀gá, lórí kí ni?"

Ó rẹ́rìn-ín, ó kọjá lọ.

Ohun méjì ni Ògúnmọ́lá fẹ́ràn láyé yìí. Àkọ́kọ́ ni kí ọmọ máa yan bíi sójà. Bí wọ́n bá ti ní kí wọ́n tò, ẹsẹ̀ á ti bẹ̀rẹ̀, gbì, gbì, gbì, pẹ̀lú orin, láti ìta wọ kíláàsì àti láti kíláàsì bọ́ síta. Àwo máa ń jó nínú kọ́bọ́ọ̀dù mi. Èkejì ni gẹ̀ẹ́sì. Ó ní ilé-ìwé tó dàgbà kì í sọ fanákúlà. Ó gbẹ́ pátákó kan, ó so okùn mọ́ ọn, ọmọ tó bá sọ Yorùbá ní kíláàsì ni wọ́n máa fi kọ́ lọ́rùn títí ẹlòmíì á fi ṣẹ̀. Tíṣà Ilẹ̀ ò fẹ́ràn rẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀gá ló sọ bẹ́ẹ̀.

Ọmọbìnrin kan wà ní kíláàsì rẹ̀ tó ń jẹ́ Marvellous. Òun àti bàbá rẹ̀ nìkan ló ń gbé nínú yàrá kan lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì. Micah ni bàbá yìí, àgbẹ̀ kòkó láti Ọ̀tan-Ilé tẹ́lẹ̀, tó wá di awakùsà. Ọmọ yìí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ kan, wọ́n ń ṣe ìṣirò lọ́wọ́, ó kàn dìde.

Ó ní, "Tíṣà, ulẹ̀ ń dún."

"Ilẹ̀," ni Tíṣà dá a lóhùn, kò tilẹ̀ gbójú sókè. "Ìwọ àti fanákúlà! Wá gba pátákó rẹ."

Ó tún èdè rẹ̀ ṣe, ó sì tún jẹ ẹ́ níyà pé ó sọ èdè náà. Ọmọ gbé pátákó kọ́rùn, ó jókòó.

Lọ́jọ́ kejì, iṣẹ́ gẹ̀ẹ́sì ni. Wọ́n ń kọ́ bí a ṣe ń pe lórí, nínú, àti lábẹ́. Olúkúlùkù á dìde, á sọ gbólóhùn tirẹ̀. Ẹnìkan ní ìwé wà lórí tábìlì. Bólúwatifẹ́, ọmọ kékeré kan tó máa ń sunkún bí eṣinṣin bá bà lé e, ní ẹja wà nínú ọbẹ̀, wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un. Ó kan Marvellous. Ó gbé pátákó orí àyà rẹ̀ sápá kan, ó sì fi gẹ̀ẹ́sì tó já gaara sọ pé bàbá òun wà lábẹ́ ilẹ̀.

Tíṣà Ilẹ̀ fi ṣọ́ọ̀kì sílẹ̀. Ta ni yóò gbọ́ pé bàbá ọmọ wà lábẹ́ ilẹ̀ tí kò ní mọ ohun tó túmọ̀ sí? Ó sáré lọ bá a, ó bọ́ pátákó lọ́rùn rẹ̀, ó gbá a mọ́ra.

"Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi. Ọlọ́run á tẹ́ wọn sí afẹ́fẹ́ rere. Láti ìgbà wo?"

"Lójoojúmọ́, ma."

"Mo mọ̀. Ojoojúmọ́ ló ń dunni. Pẹ̀lẹ́."

"Mo máa ń gbọ́ wọn, ma. Wọ́n máa ń kan nǹkan."

Ọ̀sán ọjọ́ yẹn, nígbà tí wọ́n jáde, Tíṣà Ilẹ̀ wá jókòó sórí àga kejì, ó ń nu ojú. Ó ní, "Bàbá, ọmọ yẹn ní òun máa ń gbọ́ ohùn bàbá òun nínú sàréè, pé ó ń kànlẹ̀kùn." Gbogbo irun apá mi ló dìde. Láti ọjọ́ náà, àdúrà fún ìsinmi ọkàn Micah ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ láràárọ̀. Gbogbo ọmọ á di ojú, wọ́n á ṣàmín. Lábẹ́ ẹsẹ̀ wọn gan-an ni Micah wà tó ń ṣe iṣẹ́ òòjọ́ rẹ̀.

Òjò ńlá kan rọ̀ fún ọjọ́ bíi mélòó kan. Ní òwúrọ̀ tó dá, àdúrà ni wọ́n ń ṣe lọ́wọ́ tí ẹnìkan fi dúró sí ẹnu ọ̀nà kíláàsì. Ẹrẹ̀ pupa bò ó láti ẹsẹ̀ dé ọrùn. Ojú rẹ̀ nìkan ló funfun.

"Ẹ káàárọ̀, Tíṣà."

"Ẹ káàárọ̀, sà. Ta lẹ wá rí?"

"Èmi ni bàbá Marvellous."

Tíṣà Ilẹ̀ fi ẹ̀yìn lu pátákó ìkọ̀wé. "Bàbá Marvellous wo?"

"Èyí tó jókòó sọ́hùn-ún yẹn, ma."

"Jésù!" Ariwo sọ. Bólúwatifẹ́ ti wọ abẹ́ àga. Ọmọ kan ń pè é ní òkú, òmíràn ń ṣàmín lọ, àmín, àmín, kò mọ ibi tí yóò dá a dúró.

Ọkùnrin náà na ọwọ́ méjèèjì síwájú. "Ẹ má pariwo. Tíṣà, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, ẹ má jẹ́ kí wọ́n pariwo. Ẹ jẹ́ n mú ọmọ mi, n ó sì máa lọ."

"Ṣé... ṣé ẹ wà láàyè?"

"Mo wà láàyè, ma. Ní báyìí ná."

Ó wọlé. Tíṣà Ilẹ̀ sọ fún mi pé ohùn rẹ̀ kọ́ ló la òun lójú. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ni. Ọkùnrin tó sígbọnlẹ̀ bí ìrókò ń fi ọmọ ìka ẹsẹ̀ rìn lórí síméńtì ìjọba, ó ń gbé e, ó ń sọ ọ́ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀, bí adìẹ tó ń gba inú omi kọjá.

"Kí ló dé tí ẹ fi ń rìn báyẹn?"

Ọkùnrin náà na ọwọ́ sí ọmọ rẹ̀.

"Ẹ̀yin, níbo lẹ ti ń ṣiṣẹ́?"

Ó wo ilẹ̀. Marvellous ló dáhùn, ó ti gbé àpò rẹ̀ kọ́ èjìká.

"Mo ti sọ fún yín, Tíṣà. Abẹ́ ulẹ̀ ni."

Ọjọ́ yẹn nìkan, láti ìgbà tó ti dé Ìsàlẹ̀ Ọ̀gẹ̀dẹ̀, ni Tíṣà Ilẹ̀ gbọ́ ulẹ̀ tí kò tún un ṣe.

Ó bi Micah pé, "Apá ibo?"

"Ibi tí ẹ dúró sí yẹn gan-an, ma. Ihò wa ti gba ibí kọjá tipẹ́. Òjò ti rin ín. Igi tí a fi gbé e ró ti ń ké láti ìdájí."

"Ẹ ò sì sọ?"

"Ta ni n bá sọ fún? Àwọn tó ni iṣẹ́ ò fẹ́ ká lanu. Ọmọ mi ni mo wá mú."

"Ọmọ tiyín nìkan?"

Ọkùnrin náà gbórí kalẹ̀.

Tíṣà Ilẹ̀ yíjú sí kíláàsì. Ọmọ kún ibẹ̀ fọ́fọ́, àwọn mìíràn pín ìjókòó, àwọn mìíràn wà nílẹ̀. Òun ló wọ ilé wọn kiri, òun ló kó wọn wá. Ó ní, "Ẹ dìde. Ẹ tò."

Áà! Kí ló sọ bẹ́ẹ̀ sí? Ní kété tí wọ́n gbọ́ "ẹ tò," ẹsẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Gbì, gbì, gbì. Orin bẹ̀rẹ̀. Àwọn ọmọ ò mọ ọ̀nà mìíràn tí ènìyàn ń gbà jáde ní kíláàsì. Ara ògiri dún fàà, erin orí pépà já bọ́ láti ibi tó ti ya.

"Ẹ dúró!" Ó sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, síbẹ̀ wọ́n dúró. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú wọn. Yorùbá ló sọ, kò rántí pátákó kankan. "Ta ló ti jí ẹran nínú ìkòkò ìyá rẹ̀ rí?"

Wọ́n ń wo ara wọn lójú.

"N ò ní nà yín. Ẹ dákun."

Ọwọ́ kan gòkè. Òmíràn gòkè. Kò pẹ́, gbogbo ọwọ́ wà lókè.

"Ó dáa. Bí ẹ ṣe rìn dé ìdí ìkòkò lọ́jọ́ náà, bẹ́ẹ̀ ni kí ẹ rìn báyìí, títí dé ìdí kajú."

Láti orí àga mi, mo rí wọn bí wọ́n ṣe ń jáde bí èéfín, láìsí ariwo, pẹ̀lú ẹsẹ̀ ológbò. Mo rò pé eré ni wọ́n ń ṣe. Ògúnmọ́lá náà rí wọn láti ọ̀dẹ̀dẹ̀ ọ́fíìsì rẹ̀, inú sì bí i.

"Kí nìyẹn? Ṣé ìgbín ni yín ni? Ẹ gbé ẹsẹ̀! Lẹ́ẹ̀fù! Ráìtì! Lẹ́ẹ̀fù!"

Àwọn tó wà lẹ́yìn ṣì wà lórí síméńtì. Ẹsẹ̀ wọn gbọ́ àṣẹ kí etí wọn tó gbọ́ ọ. Gbì. Gbì. Tíṣà Ilẹ̀ bọ́ bàtà, ó fi ọmọ ìka ẹsẹ̀ sáré gun ọ̀dẹ̀dẹ̀ yẹn, ó sì fi àtẹ́lẹwọ́ bo ọ̀gá rẹ̀ lẹ́nu, ẹfun ṣọ́ọ̀kì sì bo ojú ọkùnrin náà.

"Ẹ dákẹ́, sà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dákẹ́."

"Mísì Awó..." Ọ̀gá ń sọ ọ́ láàárín ìka obìnrin náà.

Ìdí kajú ni Marvellous ti wo àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ yíká. Ó ní, "Bólúwatifẹ́ wà lábẹ́ àga."

Micah, tó ti bá wọn jáde, yí padà. Ó tún ọ̀nà náà rìn, bí adìẹ nínú omi, ó wọlé. Ó pẹ́ níbẹ̀ bí ẹni tó lọ sùn. Nígbà tó yọ, ó gbé ọmọ náà mọ́ àyà, ó fi ọwọ́ pupa rẹ̀ bò ó lẹ́nu. Ó gbé e kalẹ̀ sẹ́sẹ̀ Tíṣà Ilẹ̀, kò wo ẹnikẹ́ni lójú, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sáré lọ sínú oko ẹ̀gẹ́ lẹ́yìn ilé-ìwé, níbi tí ẹnu ihò wọn wà, ó ń pe àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lórúkọ lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ìgbà náà ni ilẹ̀ rì lọ. Ẹ máa rò pé ó dún bí àrá. Kò dún bẹ́ẹ̀. Ó mí kanlẹ̀, bí àgbàlagbà tó rẹ̀. Igun tí ṣọ́ọ̀kì máa ń yí sí ló kọ́kọ́ rì, lẹ́yìn náà tábìlì Tíṣà Ilẹ̀, lẹ́yìn náà pátákó ìkọ̀wé pẹ̀lú déètì ọjọ́ náà lára rẹ̀. Eruku pupa gòkè. Àwọn ọkùnrin kan jáde láti inú ẹ̀gẹ́, wọ́n fọ́n ká, a ò mọ orúkọ wọn. Àwọn kan ní àwọn rí Micah láàárín wọn. Àwọn kan ní ó ti wọlé lọ pe ẹni tó kù. Ẹ̀gbọ́n ìyá Marvellous wá mú ọmọ náà lọ sí Ọ̀tan-Ilé. Kó tó lọ, Tíṣà Ilẹ̀ kúnlẹ̀ tì í, ó bi í pé, "Bàbá rẹ ńkọ́?" Ọmọ náà wò ó, wò ó. Kò dá a lóhùn ní èdè kankan.

Wọ́n ti fi okùn pupa yí ibẹ̀ ká. Àwọn ọkọ̀ ìjọba wá láti Òṣogbo, wọ́n ya fọ́tò, wọ́n lọ. Wúrà ò tíì tán, nítorí náà ọmọ ò yéé wá, wọ́n pọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ìjọba ti ń kọ́ ilé mìíràn fún wọn lápá ọ̀dọ̀ mi níhìn-ín, ó sì rẹwà. Tíṣà Ilẹ̀ ò fẹ́ wọ inú rẹ̀. Abẹ́ kajú ló ti ń kọ́ni. Ó ti fi pátákó fanákúlà yẹn dáná ẹ̀wà, bí ọmọ bá sì pe ulẹ̀, ulẹ̀ lòun náà ń pè báyìí. Kó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ láràárọ̀, gbogbo wọn á dojúbolẹ̀, wọ́n á fi etí lélẹ̀. Kò sí ẹni tó ń yan mọ́. Bí àlejò bá gba àdúgbò wa kọjá lásìkò ìjáde, á rí ọmọ rẹpẹtẹ lójú ọ̀nà, kò ní gbọ́ ẹsẹ̀ ẹnì kan.

Nítorí náà, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni dẹ́rù bà yín. Ẹ máa kó àwọn ọmọ wá kí mi lọ́jọ́ ìsinmi. Ilé mi dúró sán-ún. Mo ti fi etí lélẹ̀ nínú yàrá mi, n ò gbọ́ nǹkan kan.

Mo ti búra, ẹ jẹ́ kí n má pàdánù eyín mi. Ohun kékeré kan ni mo hùmọ̀ nínú gbogbo rẹ̀: gbólóhùn tó kẹ́yìn yẹn, pé n ò gbọ́ nǹkan kan.